Omi Tí Kò Dì ní Sábó

Yìnyín ni Fọláyọ̀ bá nínú ìgò tó yọ nínú fíríísà láàbù ilé ìwòsàn wọn. Yìnyín gidi, ó le bí òkúta.

Omi àyẹ̀wò tó yẹ kó wà níbẹ̀ kì í dì nínú fíríísà láàbù. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àtúnṣe jíìnì, ìyẹn àbùdá inú ẹ̀jẹ̀, bọ́ síbi tó yẹ, àbí ó lọ ba ibòmíràn jẹ́. Omi lásán ò lè rí àṣìṣe kankan. Àná sì ni Fọláyọ̀, tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, fọwọ́ síwèé pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún ṣe fún Moyinolúwa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní fòníkú-fọ̀làdìde, kò lábùkù.

"Mo gbé! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Ó sáré dé wọ́ọ̀dù, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Nọ́ọ̀sì ti ń wá iṣan fún oògùn líle tó ń ṣáájú kí ẹ̀jẹ̀ náà tó padà sára.

"Ẹ dúró! Ẹ má fà á sí i lára!"

Ìyá ọmọ fò dìde. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Fọláyọ̀ fa fóònù yọ, ó pe ọlọ́pàá pé wọ́n ti fi omi lásán pààrọ̀ omi àyẹ̀wò.

Kò pẹ́ tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Abógúnrìn fi dé. "Ta ló ń ṣí fíríísà yẹn?"

"Ọdẹ́wálé nìkan, sà. Òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ó máa ń gbé e wá bá wa lórí tábìlì ni. Òní ni kò wá síṣẹ́, ni mo fi ṣí i fúnra mi."

Ẹ ò rí ọ̀dájú! Kí Ọdẹ́wálé tó gbé ìgò dọ́dọ̀ wọn, yìnyín inú rẹ̀ á ti yọ́.

"Ẹ kì í dán omi náà wò kẹ́ ẹ tó lò ó?"

Fọláyọ̀ sorí kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ àṣìṣe inú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. "Kò pọ̀, sà. A ń ṣún un lò."

Ní Ìlódè, bí ọlọ́pàá ṣe kanlẹ̀kùn Ọdẹ́wálé, ó fò gba ẹ̀yìnkùlé, ó gun ọ̀kadà. Wọ́n lé e dé Mayfair, ó wọ àárín ọkọ̀, ó di àwátì. Fọláyọ̀ wà pẹ̀lú wọn nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, kó lè dá ojúlówó omi náà mọ̀. Bí ojúlówó bá lọ, oṣù mẹ́ta ni òmíràn yóò gbà kó tó dé, ọmọ yẹn ò sì lè fara da ìrora oṣù mẹ́ta mọ́.

Fóònù Abógúnrìn dún. Ìjà ń lọ ní Sábó, ọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà wá ti yọ ọ̀bẹ sí ẹlẹ́ja.

Hàjàrá tó ń ta ẹja ni wọ́n bá, ó jókòó lé fíríísà rẹ̀ lórí gbọin. Ọdẹ́wálé na ọ̀bẹ sí i.

"Dìde, kí n má gún ẹ!"

"Gún mi! A'ùsù bílláhi! O ní oògùn ojú ìyá ẹ lo ní kí n bá ẹ tọ́jú. Gbogbo ẹja mi dì, tìẹ ò dì! Oògùn owó ni!"

Abógúnrìn gbá Ọdẹ́wálé lọ́wọ́ mú látẹ̀yìn, ọ̀bẹ bọ́. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi lásán ni, ọ̀gá."

Fọláyọ̀ yọ ìgò kan láàárín ẹja, ó mì ín. Ó ń ṣàn. "Omi lásán tìẹ wà ní láàbù. Ó ti di yìnyín!"

Ọdẹ́wálé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. "Iṣẹ́ èṣù ni. Mo fẹ́ tà á fún ẹnì kan n'Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé omi máa dì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí fíríísà. Inú rírun ló dá mi dúró nílé lónìí."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ojúlówó yẹ ẹ̀jẹ̀ Moyinolúwa wò, wọ́n sì kọ́kọ́ dán omi náà wò bó ti yẹ. Àṣìṣe jáde, ní ibi méjì. Ó lè di jẹjẹrẹ.

Fọláyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọmọ. "Mà, èmi ni mo fọwọ́ sí i. A óò tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ foríjì mí."

Obìnrin náà di apá ọmọ rẹ̀ mú níbi tí abẹ́rẹ́ ì bá ti wọlé, ó bú sẹ́kún.

Moyinolúwa jí. "Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ń fún mi lápá jù."

Kò fi í sílẹ̀.