Ọjọ́ Tí Ihò Dúdú Tutọ́

Orúkọ ọmọ náà ni Yerka. Ọjọ́ Àìkú ni. Ìròyìn tó ń retí ti dé, ṣùgbọ́n àná ló yẹ kó ti dé.

Vùrùrù! Ọkọ̀ pupa kan ń gun òkè bọ̀. Eruku bò ó níwájú, eruku bò ó lẹ́yìn.

Màmá Yerka ló ń wà á. Kó tó pa ọkọ̀ náà ló ti ń pariwo.

"Yerka! Ó ti tutọ́ o! Ihò Dúdú ti tutọ́!"

Yerka fò sókè. "Nígbà wo?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. "Lánàá ni," ló wí.

Lánàá.

Ó pẹ́ tí Yerka ti ń retí rẹ̀. Lórí òkè tó wà lọ́hùn-ún, àwọn àwo funfun ńláńlá kọjú sí ọ̀run, níbi tí Ihò Dúdú wà. Wọ́n ń tẹ́tí. Wọ́n ń tẹ́tí. Ohun tí wọ́n bá gbọ́, Màmá ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Màmá sì ti ṣèlérí. "Lọ́jọ́ tí Ihò Dúdú bá tutọ́, ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá jókòó sí."

Ṣùgbọ́n lánàá, ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà níbí ni Yerka wà, níbi tí àwọn láámà, ẹran ọlọ́rùn gígùn, ti ń jẹko. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀. Màmá pè, ó pè, ó pè. Fóònù ò dún.

"Ṣùgbọ́n mo ṣọ́ ọ!" ni Yerka wí. "Mo wo Láámà dúdú, òjìji tó rí bíi láámà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo ń wò. Kò tutọ́!"

"Ìyẹn kọ́, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ihò Dúdú jìnnà ju Láámà ojú ọ̀run lọ. Ojú wa ò lè rí i. Àwọn àwo yẹn ló ń bá wa gbọ́ ọ."

Túẹ̀!

Copo tutọ́ sára aṣọ Màmá. Ọmọ láámà Yerka ni Copo. Itọ́ náà láwọ̀ bí ewé, ó sì ń rùn.

"O ò kí i kó o tó máa pariwo," ni Màmá Àgbà wí níbi tó jókòó sí, tó ń fi òwú rán nǹkan. "Ó ti dá ọ lóhùn."

Màmá rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Yerka ò rẹ́rìn-ín.

Ó yíjú sí Màmá Àgbà. "Ẹ̀yin lẹ fà á! Ẹ̀yin àti láámà yín! Ká ní mi ò wá síbí ni, ǹ bá ti rí i!"



Màmá Àgbà tẹjú mọ́ òwú pupa ọwọ́ rẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni Yerka kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ ná.

"Wá, Yerka," ni Màmá wí. Ó lóṣòó. Ó fi ìka ya òbìrí kan sínú eruku. "Ihò Dúdú nìyí. Ìràwọ̀ kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ihò Dúdú fà á."

"Báwo ló ṣe fà á?"

"Ó fà á, ó fà á, ó fà á. Ìràwọ̀ náà fà gùn bí òwú. Ó ń yí i po. Wìì! Wìì! Wìì! Ó gbóná, ó ń tàn yòò."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Apá kan já sínú. Gbì! Èyí tó bá ti wọlé, kò ní jáde mọ́ láé."

"Èyí tó wà létí ńkọ́?"

"Ihò Dúdú lè tu ú dànù. Fùùù! Ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní itọ́ rẹ̀."

"Láámà gan-an nìyẹn," ni Màmá Àgbà wí, láìgbójú sókè. "Èyí tó gbé mì ti lọ. Èyí tó ṣì wà lọ́fun ló ń tu síni lára."

Màmá fa Yerka mọ́ra. "Ṣó o mọ̀ pé èmi náà pẹ́ dé? Ibẹ̀ jìnnà gan-an, ó máa ń pẹ́ kí àmì rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí mo gbọ́ lánàá ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí Màmá Àgbà."

"Ẹ pẹ́ jù mí lọ?"

"Ohun tí mo gbọ́ ti di ìtàn, kó tó dé etí mi."

Yerka rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ó ṣì ń tutọ́ díẹ̀díẹ̀," ni Màmá wí. "Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ní kí n mú ọ wá lọ́la. Lọ́la nìkan o. A ó lọ ní kùtùkùtù."

Lọ́la! Inú Yerka dùn.

Lẹ́yìn náà ló rántí. Lọ́la ni ọjọ́ òdòdó láámà. Ọwọ́ ẹni tó ni láámà ló máa ń so òdòdó òwú mọ́ ọn létí. Copo ò tíì ní òdòdó rí.

Lẹ́yìn ọ̀la, Màmá Àgbà ò ní gòkè mọ́. Orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́. Abúlé nísàlẹ̀ ni yóò máa gbé.

Yerka rọra lọ jókòó tì í.

"Màmá Àgbà."

"Hẹ̀n."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti wọlé sínú yín?"

Màmá Àgbà rò ó. "Díẹ̀ ti wọlé," ló wí.

Omijé bọ́ lójú Yerka. "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó ṣì wà létí."

"Ẹ tu ú dànù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi."

Màmá Àgbà gbé orí sókè. Ó kó ẹnu jọ.

Túẹ̀!

Itọ́ náà lọ jìnnà réré. Copo pàápàá yíjú wò ó.

"Màmá!" ni Màmá ké. "Ẹ̀yin náà kẹ̀?"

Yerka ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé díẹ̀ ti wọlé.

"Bá màmá rẹ lọ, ọmọ mi," ni Màmá Àgbà wí. "Copo ò ní bínú."

Ó fẹ́ ki òwú òdòdó Copo bọ abẹ́rẹ́. Òwú ò wọlé. Ó tún gbìyànjú. Òwú ò wọlé.

Yerka gba abẹ́rẹ́ náà. Ó ki òwú bọ̀ ọ́. Ó dá a padà fún un.

Ó wo òkè lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn àwo funfun wà. Ó wù ú kó lọ. Ó wù ú gan-an.

Ó dìde. Ó lọ bá Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, mi ò ní bá yín lọ lọ́la. Ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà ni màá wà."