Ìbúra Tí Onítìmùtìmù Kọ̀

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ẹjọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lásán ni wọ́n torí rẹ̀ péjọ. Oníṣòwò kan tó ń bá ọ̀wọ́ arìnrìn-àjò rìn ló pe Alágàárì lẹ́jọ́ níwájú Kádì, ó ní gàárì tó tà fún òun ti bó ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun, ẹranko náà kò sì lè gbé ẹrù mọ́. Alágàárì ní irọ́ ni, ó ní ẹrù tó yẹ ẹranko méjì ni ọkùnrin náà dì lé ẹyọ kan lórí. Ọ̀rọ̀ di fà á kí n fà á. Kádì wá ní kí wọ́n pe ẹni tó ki tìmùtìmù abẹ́ gàárì náà, kó fọwọ́ lé Kùránì, kó búra pé òun kò fi ohun líle kankan sí i. Bó bá ti búra, ẹjọ́ parí, kí oníṣòwò máa fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni náà ni ìyàwó Alágàárì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń pè é, Onítìmùtìmù. Awọ tí ọkọ rẹ̀ bá gé ló ń rán. Irun àgùntàn ló máa ń fọ̀, tí á sá a, tí á fọwọ́ ya á díẹ̀díẹ̀, tí á sì máa kì í sínú awọ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Àwọn tó ń gun ẹṣin lọ ọ̀nà jíjìn mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó lé iṣẹ́ obìnrin yìí, ìdí rẹ̀ kò ní bá a ṣọ̀tá. Obìnrin kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìbòrí rẹ̀ máa ń funfun láúláú, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti le koko nítorí abẹ́rẹ́. Ó wọ gbọ̀ngàn ilé-ẹjọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Kádì. Ẹ kú àbójútó ìlú."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wá fọwọ́ síbí, kí o búra, kí kálukú lọ jẹun."

Onítìmùtìmù dìde. Ó wo Ìwé náà lórí àga tí wọ́n gbé e lé, ó wo oníṣòwò, kò sì na ọwọ́.

"Kádì, irun àgùntàn ni mo kì síbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra."

"Kí ló dé?"

"Mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Tí mo bá fọwọ́ lé e, ọwọ́ lásán ni. Ọkùnrin yìí á rò pé mo ti fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, á gbà, á máa lọ. Èmi á sì mọ̀ pé mo ti rẹ́ ẹ jẹ."

Oníṣòwò gbàgbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́; Alágàárì tó mọ bẹ́ẹ̀ kàn dijú síbi tó dúró sí.

Ayé ìgbà náà kò rí bí ayé ti òde òní. Ẹni tó bá jáde nínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, lójú àwọn ará ìlú yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run rẹ̀ nìkan. Ọmọ ogun tó ju ọ̀kọ̀ nù tó gba ọ̀dọ̀ ọ̀tá lọ ni wọ́n kà á sí. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, idà lè jẹ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, wọn á tì í mọ́lé títí yóò fi túúbá padà sínú ẹ̀sìn, yìgì tó so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ á sì já lójú ẹsẹ̀. Ibi yìgì yìí ni àwọn obìnrin kan ti rí ihò. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ní àlùbolẹ̀, tàbí tí ọkọ rẹ̀ bá àjò lọ tí kò padà tí kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, á lọ bá Kádì pé òun ti jáde nínú ẹ̀sìn. Yìgì á já. Á lọ jókòó díẹ̀ nínú àtìmọ́lé, á túúbá, á jáde, ó di olómìnira. Ṣùgbọ́n Kádì kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí ọgbọ́n náà ti pọ̀ jù lójú rẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn obìnrin ti sọ ẹ̀sìn di ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà náà, èyí tó bá sọ ọ́ níwájú rẹ̀, kì í gbà á gbọ́. Ńṣe ló máa ń dá a padà fún ọkọ rẹ̀ kíákíá.

Ìdí nìyí tí Kádì kò fi bínú. Ẹ̀rín ló rín, ó sì kọjú sí ọkọ.

"Alágàárì, kí lo fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ?"

"Kádì, mi ò fi nǹkan kan ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn máa ń wí."

Ni ìyá Alágàárì bá dìde láàárín àwọn obìnrin. "Kádì, ọmọ tèmi kì í na èèyàn! Tí eṣinṣin bá bà á lórí, á ní kó rọra." Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé oúnjẹ ni kò tó?"

"Oúnjẹ tó, Ìyá."

"Àbí ó fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn?"

"Kò fẹ́ fẹ́ ẹnì kankan, Ìyá. Ọkọ mi wù mí. Mi ò wá já yìgì."

Kádì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Bí a ti ń jà, bíi ti ká kú kọ́," ó ní. "Ẹ bọ́ síta, kí tọkọtaya sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Alágàárì, wá sọ ohun tó wà láàárín yín fún mi, kí n dá ìyàwó rẹ padà fún ọ. Bí kò bá sí nǹkan kan láàárín yín, á jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ. Òfin á mú un, kò sì ní jẹ́ ìyàwó rẹ mọ́."

Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n so àwọn ẹranko mọ́ ni wọ́n dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèèjì sí Alágàárì. Onítìmùtìmù ti sọ fún un ní ìsọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń rán awọ. Kò sí ẹni tó kú fún un, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń rò ó bó ti ń rán iṣẹ́, ó ń rò ó, títí ó fi di òwúrọ̀ kan tó forí kanlẹ̀ tí kò rí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

"Mo ní kí ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín èmi, ìwọ àti awọ," Alágàárì wí. "Wò ó, sọ pé inú ló bí ọ."

"Inú ò bí mi."

"Ta ló bi ọ́ bóyá inú bí ọ? Ẹnu lásán ni!"

"Olówó orí mi, tí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin fẹnu lásán sọ pé kò sí Ọlọ́run ńkọ́?"

"Asitagafurulai!" Alágàárì bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnìkan ti gbọ́.

"Ẹ ò rí i?"

Alágàárì ń fọwọ́ pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlẹ́jọ́ lórí. "Ìrun méjì méjì ni mò ń kí," ó ní, "ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Orúnkún ti ń dùn mí."

Onítìmùtìmù rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. "Mo mọ̀. Mo máa ń gbọ́ yín."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Alágàárì kò jẹ́ kí wọ́n pe òun. Ó bọ́ síwájú fúnra rẹ̀, kò wo ìyàwó, kò wo ìyá.

"Kádì, mo purọ́ láàárọ̀. Mo máa ń nà án. Ìyà ló jẹ ẹ́ tó fi ń sọ ohun tó ń sọ."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, pé ẹni tó bá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí: "Ìwọ kẹ̀? Irọ́ ni! Ẹ má dá a lóhùn o!" Ara tu Kádì, nítorí ọ̀nà tí ó ń wá ti là. Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin ń ké pé irọ́ ni, Kádì kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lu ìdájọ́ òun.

"Ó dáa. Fọwọ́ lé Kùránì, kí o búra pé o máa ń nà án. Kí n dá a padà fún ọ, kí n sì kìlọ̀ fún ọ."

Alágàárì tí à ń wí yìí kì í ta gàárì láìfi àbùkù rẹ̀ han oníbàárà, nítorí Ọjọ́ Ìdájọ́. Bó bá gbọ́ wàásù iná ọ̀run, kì í lè jẹun tán. Òun ló na ọwọ́ yẹn. Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ náà kan Ìwé.

"Ẹ má búra!"

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé Onítìmùtìmù ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó ti bọ́ sáàárín ọkọ rẹ̀ àti Ìwé.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ẹ̀yin gbà á gbọ́! Ìbúra èké á máa jó yín nínú títí dé sàréè. Kádì, irọ́ ló ń pa. Kò fi ìka kàn mí rí. Ó fẹ́ ta ọ̀run rẹ̀ kí n lè sùn sílé lónìí ni. Mi ò rà á!"

Kádì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo obìnrin náà títí, lẹ́yìn náà ó wo ọkọ tó ti fọwọ́ bojú.

"Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti dúró níbi tí o dúró sí," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ti jáde, wọn ò jáde. Ìwọ, mo gbà ọ́ gbọ́. Ì bá wù mí kí n má gbà ọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, sọ kálímà, jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ló wà. Ẹnu rẹ nìkan ni òfin lè gbọ́, Ọlọ́run ló ni ohun tó wà nínú ọkàn. Mi ò ní tú àyà rẹ wò."

"Ẹ ṣeun, Kádì. Mo mọ̀ pé àánú ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni mo ní, òun náà ni mo fi sọ pé irun àgùntàn ló wà nínú tìmùtìmù ọkùnrin yìí. Tí mo bá fi purọ́ fún yín lórí èyí tó tóbi, ta ló máa gbà mí gbọ́ lórí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì pa á mọ́nú kíá. Kádì dá ẹjọ́: òun gba ọ̀rọ̀ tìmùtìmù náà gbọ́ láìsí ìbúra, oníṣòwò jẹ̀bi, yìgì já, kí wọ́n mú obìnrin náà lọ sí yàrá àtìmọ́lé lẹ́yìn ilé-ẹjọ́ títí yóò fi túúbá. Bí wọ́n ti ń mú un kọjá, ìyá Alágàárì bọ́ ìborùn ara rẹ̀, ó fi bò ó léjìká. "Òtútù wà nínú yàrá yẹn," ó ní. "O báà lẹ́sìn, o báà má lẹ́sìn." Bẹ́ẹ̀ ló sì ń bínú sí i.

Ohun tí Kádì kò rò ni pé bó ti gba ẹyọ kan gbọ́, kò sí ohun tó máa fi lé àwọn tó kù padà. Nígbà tó tún jókòó láti dá ẹjọ́, àwọn obìnrin kún àgbàlá, kálukú pẹ̀lú àpá tirẹ̀, gbogbo wọn ní àwọn ti jáde nínú ẹ̀sìn. Kádì pariwo, kò sẹ́ni tó lọ. Ó ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìlú mìíràn, wọ́n jọ tú ìwé, wọ́n sì rí i níbẹ̀ pé adájọ́ lè já yìgì obìnrin tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n pa tì, láìjẹ́ pé ó fẹnu kan ẹ̀sìn rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Wọn á yà sójú fèrèsé àtìmọ́lé láti dúpẹ́.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," Onítìmùtìmù á ní, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ. Èmi, ọkọ mi wù mí."

Alágàárì náà máa ń wá sójú fèrèsé. Òfin kò ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ má gbé iṣẹ́ fún obìnrin tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀, nítorí náà ó ń gbé awọ àti irun àgùntàn wá, ó ń gba tìmùtìmù padà. Ó ti di àjèjì sí i, bí àjèjì ló sì ń kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Onítìmùtìmù." "Ẹ kú ìrìn, Alágàárì." Ìyá rẹ̀ wá ìyàwó mìíràn fún un, ó ní ọwọ́ òun dí. Kádì fúnra rẹ̀ máa ń wá béèrè bóyá ó ti túúbá, nígbà tó sì yá ó ń gbé tìmùtìmù àga rẹ̀ dání kó bá òun tún un kì. Ó ń tún un kì, kò túúbá.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn aláwọ̀ funfun fi ìbọn gba ìlú náà, wọ́n lé Kádì kúrò lórí àga, ọ̀gá ọmọ ogun wọn sì wá ṣí àtìmọ́lé fúnra rẹ̀, òun àti ògbufọ̀. Wọ́n ti pe ìlú jọ síta. Ògbufọ̀ ní ọ̀gá fẹ́ kí Onítìmùtìmù sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀sìn ìkà ni ẹ̀sìn wọn, pé ọ̀gá ló gba òun sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún un," Onítìmùtìmù wí, "pé Kádì tì mí mọ́lé, kò sì yẹ kó tì mí. Ẹ tún sọ fún un pé ìyá tó fi aṣọ ara rẹ̀ bò mí, ìrun márùn-ún ló ń kí lójúmọ́. Tó bá fẹ́ kí n sọ méjèèjì, mo ti dìde. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló fẹ́, kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. Kádì ní kí n sọ ohun tí mi ò gbà gbọ́, mi ò sọ ọ́. Kí ló máa mú ti ọ̀gá yín yàtọ̀?"

Ọ̀gá dúró, ó ń retí kí ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ń wo ilẹ̀. Onítìmùtìmù kó abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá.

Yàrá tó kọjú sí ìsọ̀ Alágàárì ló gbà. Òfin tuntun ní kí ẹni tó bá wù ú fẹ́ ẹni tó bá wù ú, ṣùgbọ́n Alágàárì kò lè fẹ́ obìnrin láìso yìgì, yìgì kò ṣeé so láìsí kálímà, Onítìmùtìmù kò sì ní í pe kálímà. Ìsọ̀ méjì ló di tiwọn, tí ọ̀nà tóóró kan là láàárín. Ọkùnrin á gé awọ, á jù ú sódì kejì. Obìnrin á rán an, á jù ú padà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ẹjọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ń gbà kọjá pẹ̀lú ọkọ tí ọkàn wọn yàn àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n, wọn á kúnlẹ̀ kí i, á dá wọn lóhùn, á sì ṣúre fún ọmọ wọn. Irun funfun sì gba orí òun àti Alágàárì bẹ́ẹ̀, ní ọ̀kánkán ara wọn.

Àwọn àgbà àdúgbò kò yé wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìfẹ́ tó tó báyìí kò yẹ kó máa sùn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí ẹnìkan nínú wọn ṣáà tẹ̀ fún èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Alágàárì á máa gé awọ rẹ̀ lọ. Onítìmùtìmù ló máa ń gbójú sókè nídìí iṣẹ́.

"Èwo nínú àwa méjèèjì lẹ fẹ́ kó purọ́?"