Onígíláàsì àti Olómi-ọṣẹ

"Ẹ wọlé, ẹ bá mi gbé e sórí tábìlì."

Ọkùnrin tó gbé páálí igò wá kò wọlé. Ó dúró síbi ìlà pupa tí wọ́n fi ọ̀dà fà sẹ́nu ọ̀nà, ó na páálí ọwọ́ rẹ̀ síwájú.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Tí mo bá kọjá ibí, òòfà yín lè pa mí."

Ọmọbìnrin tó wà nínú yàrá rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ọkùnrin náà wá fọwọ́ kan àyà rẹ̀ lápá òsì. Àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ ibẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ gbàgbé láti máa lù. Òòfà ńlá inú yàrá náà lè dà á rú.

Onígíláàsì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ń pe ọkùnrin náà, torí òun ló ń fi iná fẹ́ àwọn igò tín-ín-rín tí wọ́n ń lò. Olómi-ọṣẹ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Ọṣẹ ló máa ń pò mọ́ omi, á rọ ọ́ sínú igò, á tì í bọ inú òòfà.

Lọ́jọ́ kejì, Onígíláàsì tún dé, kò sí páálí kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń wá nínú ọṣẹ gan-an?"

"Bó ṣe ń tò ni. Ẹyọ ọṣẹ kọ̀ọ̀kan kéré débi pé ojú ò lè rí i. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ kórìíra omi. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tó, wọ́n á da ìrù kọ ìrù, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà náà ni àmì omi tí òòfà ń gbé wá sójú kọ̀ǹpútà á pín sí méjì. Bí wọ́n bá ṣe tò tó, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo àárín méjèèjì á ṣe fẹ̀ tó."

"Háà! Ọṣẹ mọ ìlà tò ju àwa èèyàn lọ!"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jọ ń jẹun ọ̀sán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Onígíláàsì tó ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Inú ìyá ọmọbìnrin náà dùn, àfìgbà tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ àyà. Abọ́ tó ń nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá o! Àìsàn ọkàn ló pa bàbá rẹ. O ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Mo mọ ohun tí ojú opó ń rí. Ojú tìẹ ò ní rí i."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Òun tàbí èmi. Mú ọ̀kan."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọbìnrin náà fi sunkún. Nígbà tó sọ fún Onígíláàsì pé òun ò lè fẹ́ ẹ mọ́, ọkùnrin náà kò jiyàn. "Mo gbọ́, ọkàn mi. Má sunkún mọ́." Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíì ló ń gbé páálí igò wá.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ọmọbìnrin náà kò jẹun ọ̀sán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe àṣìṣe: omi á pọ̀ jù, ọṣẹ ò ní tò, àmì kan ṣoṣo lá máa wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ já wọlé. "Onígíláàsì ṣubú nídìí iná! Wáyà ẹ̀rọ àyà rẹ̀ ló já. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́sàn-án yìí."

Ọmọbìnrin náà sáré jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì obìnrin ló bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ilé-ìwòsàn.

"Kí lo wá wò? Ṣebí ìwọ lo já a sílẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi, ẹ lù mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rí i. Mo bẹ̀ yín. Mi ò lè mí."

Ohùn kan tó rẹlẹ̀ gan-an wá láti inú yàrá. "Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ètè ọkùnrin náà ti funfun. Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Adé-orí mi, mo fẹ́ ọ. Kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan péré la máa jọ lò."

"Ṣé màmá gbà?"

"Mi ò bi wọ́n."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Pè wọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Ìyá ọmọbìnrin náà gbọ́ ìpè, ó sáré dé pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu lẹ́sẹ̀. "Mo gbà! Níbo ló wà? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni.

Obìnrin mẹ́ta náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tí dókítà jáde, ó ti ṣí fìlà rẹ̀. "A sa gbogbo ipá wa," ló wí.

Ìyá náà wó lulẹ̀. "Ẹ̀rù pé o máa di opó ló bà mí. Ọmọ mi, èmi ni mo gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì!"

Ọmọbìnrin náà jókòó tì í nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló kọ́kọ́ dìde. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà.

"Ìyàwó wa, dìde. Jẹ́ ká jọ lọ wò ó."