Nọ́ńbà Kan Tó Ń Ṣí Gbogbo Fóònù Ilé

Ẹ mọ bí fóònù tó bá ti kún ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ ya nǹkan tó wù ú jù lọ ló máa sọ pé kò sáyè mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá àgbà kan nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, nínú pálọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìrìn lójú rẹ̀, bàbá sì fẹ́ ya fídíò.

Gbogbo ilé ló ń pe bàbá yìí ní Ọ̀gá Ìmọ́tótó. Bí ife bá kúrò níbi tó yẹ kó wà, òun ni yóò dá a padà. Fóònù bàbá kò lè ya fídíò, àmọ́ fóònù ọmọ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ọmọ náà ń sùn ní yàrá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ti tán an lókun, bàbá kò sì fẹ́ jí i. Ó tẹ nọ́ńbà, fóònù ṣí.

Báwo ló ṣe mọ nọ́ńbà? Nọ́ńbà kan náà ni gbogbo ilé ń lò. Nígbà kan, ìyá ọmọ yìí, ìyàwó bàbá, dákú nínú ilé ìdáná. Fóònù tirẹ̀ nìkan ló wà nítòsí, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i láti pe dókítà. Ìyá yè é, àmọ́ bàbá pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, nọ́ńbà kan ni gbogbo fóònù ilé yóò máa lò. Ìfẹ́ ló sún un dé ibẹ̀. Ta ló fẹ́ bá irú bàbá bẹ́ẹ̀ wí?

Kí ló wá kún inú fóònù? Eyín. Eyín òkè, eyín ìsàlẹ̀, ẹnu yíyà lóríṣiríṣi. Iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni pé ó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ní iléeṣẹ́ kan, fún àwọn tí eyín wọn ti ká.

“Ṣebí wọ́n ní tiwọn lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì,” ni bàbá sọ fún ara rẹ̀. Ó gbá gbogbo wọn dànù, ó ya fídíò rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tí ọmọ jí, bàbá fi fóònù lé e lọ́wọ́. “Mo ti bá ẹ tún un ṣe. Ó ti mọ́ báyìí.”

Ọmọ wò ó títí. “Bàbá, àwọn eyín yẹn dà?”

“Mo ti kó wọn dànù. Ṣé ọ́fíìsì ò ní tiwọn ni?”

“Ti ọ́fíìsì náà lẹ pa rẹ́ yẹn, Bàbá. Àká kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ wa ń kó nǹkan sí. Fóònù mi àti àká yẹn ti so pọ̀. Ohun tí mo bá fi sí ibí dé ọ̀hún, ohun tí mo bá pa rẹ́ níbí, ó pa rẹ́ lọ́hùn-ún.”

Ó jókòó. “Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú wọn. Wọ́n ti yọ gbogbo eyín iwájú wọn. Ọkọ wọn wá bá mi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dí èjí ìyàwó àwọn, torí èjí yẹn làwọn fi mọ ẹ̀rín ẹ̀. Mo fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo yà á kí wọ́n tó yọ eyín náà. Fọ́tò míì ò lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi.”

Ọ̀gá Ìmọ́tótó jókòó tì í. Ojú tì í, àánú ọmọ rẹ̀ sì ṣe é. “Sọ fún wọn pé fóònù ẹ bàjẹ́,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ta ló máa mọ̀?”

Ká má purọ́, ọmọ náà rò ó. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ó mi orí. “Bí mo bá parọ́, ta ló máa bá mi wá èjí ìyá yẹn?”

Ó pe obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wọn. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, torí “Ṣé o ti tì í?” ló máa ń fi kí èèyàn.

“O ṣeun tó o tètè sọ,” ni Àǹtí wí. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ohun tá a bá pa rẹ́ nínú àká wa ṣì máa ń wà nípamọ́ fúngbà díẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bá ẹ dá wọn padà.”

Kò pẹ́, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í padà sójú fóònù. Nígbà tí èjí náà yọ, ọmọ náà sunkún. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo ṣe é o. Ẹ má dá ọmọ mi lẹ́bi.”

“Bàbá, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé ẹ ò fi ibi ṣe é. Àmọ́ ká ní ẹlòmíì ló mọ nọ́ńbà yẹn, tó wá kó àwọn fọ́tò náà káàkiri ńkọ́? Àwọn tó ya ẹnu fún wa, àwa ni wọ́n yà á fún, kì í ṣe gbogbo ayé. Èmi náà lẹ́bi níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti ya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀ lórí fóònù yẹn, kó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Bó bá dé ọ́fíìsì, a máa ṣe é.”

“Bí ara bá wá ṣe ẹnì kan nínú ilé, tá ò lè ṣí fóònù ẹ̀ ńkọ́?”

“Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, Bàbá. Ibi ìpè pàjáwìrì wà lójú fóònù tó wà ní títì. Ẹ fi nọ́ńbà ẹbí síbẹ̀.”

Wọ́n fi síbẹ̀. Bàbá ti fóònù náà, ó dán an wò, fóònù tirẹ̀ sì dún lápò rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó dá fóònù padà fún ọmọ.

“Yí nọ́ńbà ẹ padà. Má sọ ọ́ fún mi.”

“Ẹ ò ní bínú?”

“Bó o bá sọ ọ́ fún mi ni màá bínú.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù tara yín ṣiṣẹ́ ọ̀gá, ẹ gbọ́. Fóònù yín lè jẹ́ tiyín, àmọ́ nǹkan oníbàárà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ti ọkọ, aya tàbí òbí yín. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ yín ya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ yín bí àká orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ẹ má fi fóònù òṣìṣẹ́ ṣe àpótí láìfún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má sì jágbe mọ́ ẹni tó bá wá jẹ́wọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè báni wá ohun tá ò sọ pé ó sọ nù.