Èjìká Bùsírátù

Bọ́ọ̀lù tún ga fíofío. Bùsírátù na rákẹ́ẹ̀tì sí i, ṣùgbọ́n ìrora gún un léjìká, bọ́ọ̀lù sì balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Àṣekágbá ìdíje tẹníìsì àwọn ọ̀dọ́ ni, ní kilọ́ọ̀bù àtijọ́ kan l'Ábẹ́òkúta. Àwọn òyìnbó aláṣẹ ló dá a sílẹ̀ láyé àwọn bàbá ńlá wa, aláwọ̀ dúdú kì í sì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà náà. Lónìí, Bùsírátù, ọmọ aládìrẹ láti Ìjẹmọ̀, ló ń du ife ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú kilọ́ọ̀bù n'Íbàdàn, òun ni yóò sì yan ẹni tí wọn yóò jọ lọ.

Àdúràgbèmí tó ń bá a figagbága kì í gbá bọ́ọ̀lù gíga tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, òun nìkan ló ń gbá. Ìkẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ Bùsírátù láti kékeré, nìkan ló mọ̀ pé èjìká ń dùn ún. Bùsírátù wá ojú rẹ̀ láàárín èrò. Ìkẹ́olúwa gbójú sá.

Bùsírátù fìdí rẹmi. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ìwọ lo sọ fún un."

Ìkẹ́olúwa ò sẹ́. "Èjìká yẹn ò ní jẹ́ kó o borí, Bùsí. Èmi náà fẹ́ dé Ìbàdàn."

"Ìwọ ni mo fẹ́ mú lọ."

Ife ẹ̀yẹ kọ́ ló dun Bùsírátù jù. Ọwọ́ Ìkẹ́olúwa tó ń bá a fi òrí ra èjìká náà lálaalẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀ fáyé.

Nílé, ìyá rẹ̀, Àlímátù, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì pa aṣọ tó ń rẹ láró tì. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ọmọ mi, inú ilé laṣeni ń gbé. Má bá a jà."

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, olùkọ́ tẹníìsì, ní kí Àdúràgbèmí yan ẹnì kejì rẹ̀, Ìkẹ́olúwa bọ́ síwájú. Mọ́níkẹ́, ọmọ kilọ́ọ̀bù wọn kan láti Wásinmi, ni Àdúràgbèmí yàn.

"Ṣebí a jọ ṣàdéhùn?" ni Ìkẹ́olúwa bi í.

"Ohun tó o ṣe fún mi gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ wo lo máa tú àṣírí tèmi?"

Ìkẹ́olúwa sunkún dé ilé Bùsírátù ní Ìjẹmọ̀, ó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Bùsírátù fà á dìde.

"Mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ má bi mí ní ohun tó wà nínú mi mọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣírí ọ̀rẹ́ kì í ṣe ọjà títà. Ẹni tó bá tà á yóò pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó rà á pàápàá ò sì ní fọkàn tán an.