Wíìlì Máṣíìnì Ìyá Roqeebah

Kámẹ́rà Àjàmú kò fẹ́ wo ojú ènìyàn mọ́. Ohun tí a kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa ní Ìsọlọ̀ nìyẹn, nítorí gbogbo kámẹ́rà yòókù, ojú ni wọ́n ń wò.

Láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì tóbi tó búrẹ́dì ni Àjàmú ti ń ya fídíò ayẹyẹ. Ó ti ya ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ tó ti di bàbá ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò dùn ún, kò wú, ó kàn ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tó ń ku èlùbọ́ ni. Nínú fídíò ìgbéyàwó tó yà kẹ́yìn, ìyàwó ń gbọ̀n, ọkọ ń gbọ̀n, ilé ń gbọ̀n. Bàbá ìyàwó ní òun ò mọ̀ pé orí ẹ̀rọ ìlọta lòun ti fa ọmọ òun fọ́kọ.

Bàṣírátù, ìyàwó Àjàmú tó ń ta síìpù àti òwú ní ọjà Aswani, kò bá a wí. Ó kàn ra àga kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nínú ìsọ̀.

"Ta ló ni àga yìí?" Àjàmú béèrè.

"Kò tíì ní olúwa," ni Bàṣírátù wí. "Ó ń retí rẹ̀ ni."

Ẹ̀rù àga yìí ló jẹ́ kí Àjàmú wá irin tí í mú kámẹ́rà dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n ń tà kọjá agbára rẹ̀, ó sì pinnu láti ṣe tirẹ̀ nílé. Ó ṣáà kà nípa irin díẹ̀ ní pólì. Ó wá páìpù omi, ó tú bẹ́rìn kúrò lára bàtà onítáyà tí Alameen ọmọ rẹ̀ pa tì, ó gé ibi ìdìmú lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Kámẹ́rà wà lókè, ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀, bẹ́rìn ni ọrùn tó so wọ́n pọ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú, orí kò ní mì, bí obìnrin tó ru omi: ìdí ń jó, ìkòkò dúró.

Ohun wíwúwo yẹn gan-an ló di wàhálà. Ó fi ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù sí i, páìpù tẹ̀. Ó fi iyanrìn inú ìgò sí i, iyanrìn ń rìn kiri. Ó fi ọmọ ọlọ Bàṣírátù sí i, ó sì ṣe rẹ́gí, àfi pé Bàṣírátù fẹ́ lọ ata.

Ìgbà náà ló rántí máṣíìnì Ìyá Roqeebah, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkòríta wa. Ó ti tó ọdún kan tí obìnrin náà ti kú. Ó ń ránṣọ lọ́wọ́, ó dìde pé òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, kò sì padà sídìí iṣẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Roqeebah ọmọ rẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Máṣíìnì dúdú àtijọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, wíìlì irin ara rẹ̀ sì wúwo bí ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀.

"Bàbá Alameen, ẹ lè mú un," ni Roqeebah wí nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún un. "Kọ̀ǹpútà lèmi kọ́, mi ò mọ aṣọ rán. Ẹ kàn má fọwọ́ kan aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn."

"Aṣọ ta ni?"

"Màámi nìkan ló mọ̀. Wọn kì í kọ orúkọ, wọn kì í kọ ìwọ̀n. Inú orí ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n sì ti gbé orí lọ."

Bùbá ni, aláwọ̀ ewé, tí àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké ń fò lára rẹ̀. Ọwọ́ kan ti wà lára rẹ̀. Ọwọ́ kejì wà lórí tábìlì, ó ń dúró de abẹ́rẹ́. Àjàmú wò ó fìrí, ó tú wíìlì, ó lọ. Ẹ má dá a lẹ́bi. Kò sí tíṣà kankan ní pólì tó kọ́ ọ pé a kì í tú wíìlì nígbà tí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Wíìlì náà bá irin náà mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àjàmú gbé kámẹ́rà yí ilé ká, ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀, àwòrán dúró bí omi inú àwo. Òótọ́ ni pé wíìlì náà tutù nínú oòrùn ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó ní irin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Ó dojú kámẹ́rà kọ ìyàwó rẹ̀.

"Rẹ́rìn-ín."

Bàṣírátù rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà wo ẹ̀rín náà díẹ̀, ó wá rọra tẹrí ba, ó lọ sísàlẹ̀, ó dúró sí ìṣẹ́tí bùbá rẹ̀. Bàṣírátù náà wo ibẹ̀. Òwú ti tú.

"Sọ fún kámẹ́rà rẹ pé mo ti rí i," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Ìsọmọlórúkọ kan ní Okota ni Àjàmú kọ́kọ́ gbé e lọ. Nínú fídíò wákàtí mẹ́ta, a ò rí ojú ọmọ. A rí ìṣẹ́tí. A rí èjìká tí kò dọ́gba. A rí ibi tí síìpù àbúrò ìyá ọmọ ti já, tí wọ́n fi píìnì gbé e ró. Gbogbo rẹ̀ dúró digbí, kò gbọ̀n rárá. Bàbá ọmọ wò ó tán, ó ní iṣẹ́ náà mọ́, àmọ́ òun kò bí aṣọ.

Ní òpópónà wa, wọ́n ní Ìyá Roqeebah kú, ojú rẹ̀ kò kú. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń wo ojú rírán aṣọ rẹ kó tó dáhùn ìkíni rẹ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ kí wọ́n tó gba iwájú ilé Àjàmú kọjá. Àjàmú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, wòlímọ̀ Nafeesah, ọmọ Alhaji Múrítàlá ní Ṣógúnlé, tó ti ka Kùránì tán. Gbogbo ilé kéwú agbègbè náà ló ń gbọ́ràn sí Alhaji lẹ́nu. Bí èyí bá bàjẹ́, àga Aswani ti rí olúwa rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé wòlímọ̀ náà, Nafeesah bẹ̀rẹ̀ sí í kéwú lábẹ́ àgọ́. Kámẹ́rà wò ó tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló yí ọrùn kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ó lọ sí ìlà kẹta níbi táwọn obìnrin jókòó sí, ó dúró sára ìyá kan tó wọ bùbá léèsì funfun. Àjàmú fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kámẹ́rà kò mì.

Alhaji tẹ̀ sí etí rẹ̀. "Àjàmú, ibí yìí ni ọmọ ti ń kéwú."

"Mo rí i, sà."

"Kámẹ́rà rẹ ńkọ́?"

Àjàmú tún fà á. Kámẹ́rà náà ń lọ láti èjìká obìnrin yẹn sí èjìká kejì, ó bà lé àyà, ó tọ apá dé ọrùn ọwọ́, ó yí ìbàdí ká, ó padà sí ọrùn. Ó tún padà sí ọrùn. Àjàmú sún mọ́ obìnrin náà láti tọrọ àforíjì.

"Bọ̀dá," obìnrin náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́, "kí lẹ ń wá lára mi?"

"Èmi kọ́, mà." Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìró obìnrin náà. Aláwọ̀ ewé ni. Àwọn ẹyẹ funfun ń fò lára rẹ̀. "Mà, bùbá ìró yín dà?"

Ìsíátù ni orúkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ló wà. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo dé ibẹ̀, mo bá òkú. Ta ló máa béèrè bùbá lọ́wọ́ ọmọ tó ń sunkún? Ojú tì mí, mo yí padà."

"Mo mọ ibi tó wà," ni Àjàmú wí. "Lọ́la ni ẹ máa gbà á."

Wíìlì náà mí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kámẹ́rà yí ọrùn fúnra rẹ̀, ó kọjú sí Nafeesah, kò sì tún wo ibòmíràn títí wọ́n fi ṣàdúà parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àjàmú, Ìsíátù àti Roqeebah dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Roqeebah ti ń bẹ̀bẹ̀ pé bùbá náà kò tíì parí. Ìsíátù ní kò séwu, òun ti sanra gan-an láti ọdún tó kọjá, kò ní wọ òun mọ́, òun kàn fẹ́ fi aṣọ òun sílé ni. Kọ́kọ́rọ́ le kó tó ṣí.

Kò sí nǹkan kan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bùbá náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti ká a sínú ọ̀rá, ọwọ́ méjèèjì ti wà lára rẹ̀. Eruku bo gbogbo ohun tó kù.

Roqeebah yọ bùbá náà nínú ọ̀rá. Ìsíátù wọ̀ ọ́ sórí aṣọ ara rẹ̀. Ó bá èjìká mu, ó bá àyà mu, ó bá ìbàdí tí kò ní lọ́dún tó kọjá mu. "Ìwọ̀n mi àná nìyí," ló wí, bí ẹni pé kò fẹ́ kí aṣọ náà gbọ́.

Àjàmú ṣí fídíò wòlímọ̀ fún Roqeebah. Èjìká. Àyà. Apá. Ìbàdí. Ọrùn, ọrùn.

"Bí màámi ṣe ń wọn ènìyàn nìyẹn," ni Roqeebah wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń wọn ọrùn. Ṣùgbọ́n Bàbá Alameen, kí ni wọ́n fi rán an?"

Nítorí wíìlì máṣíìnì náà ṣì wà lára irin kámẹ́rà lábẹ́ apá Àjàmú, kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti àná.

Ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó dè é le, ó sì bẹ Ìyá Roqeebah kí ó sinmi. Wíìlì yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

Alhaji Múrítàlá pè é lọ́jọ́ kẹta. Ó ní ìparí fídíò náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò òun fi fẹ́ kó wá ya ayẹyẹ tirẹ̀. Kó kàn ṣàlàyé ìyá oníléèsì náà fún ìyàwó òun. Àjàmú gbà, ó sì gbàgbé pé kò sí wíìlì mọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ ọlọ ló gbé lọ dípò rẹ̀, Bàṣírátù kò sì tíì mọ̀. Ó gbé kámẹ́rà sókè, ó ń retí kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ kò gbọ̀n. Ohun kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra dì í mú, bí ìyá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú kó lè kọ álífù. Ìka márùn-ún ni. Ọ̀kan nínú wọn tutù, ó sì le, bí ìka tí aránṣọ fi irin bọ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà gún un.

Títí dòní, fídíò Àjàmú kì í gbọ̀n. Ojú ènìyàn ló ń yà. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́tí rẹ bá tú, tètè rán an kí o tó kọjá níwájú rẹ̀, nítorí ọwọ́ náà á fa kámẹ́rà síbẹ̀ díẹ̀.