Ohun Tó Tẹ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ọláṣùpọ̀ Mọ́lẹ̀

Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Orúkọ mi ni Àríkẹ́. Àdúgbò Àgùdà ni èmi àti ọkọ mi, Ọláṣùpọ̀, ń gbé nígbà náà, ní yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní ká fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, ká máa wa ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ńlá kan ni ọkọ mi fi ń kó pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èbúté Mẹ́ta lọ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé.

Ọkọ̀ líle ni. Bí pákó bá kún ẹ̀yìn rẹ̀, á máa rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, á máa ta sókè, á máa ta sódò, eyín ẹni á sì máa kanra wọn lẹ́nu. Ṣéènì ẹ̀yìn rẹ̀ á máa lu irin, wọ̀rọ̀wọ̀, wọ̀rọ̀wọ̀. Kí ó tó yọ ní kọ̀nà, ará àdúgbò á ti mọ̀ pé Bàbá Kíkẹ́, ọkọ mi, ló ń bọ̀.

Èyí kò yọ wá lẹ́nu títí wọ́n fi gbé ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Egungun ìbàdí ló ń da Màámi láàmú. Dókítà ní ọsibítù Ìdí Àràbà ní ká máa gbé wọn wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ yìí náà la sì fi ń gbé wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a já sínú kòtò kan lójú ọ̀nà Ìtirè. Màámi ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì dákú mọ́ mi láyà. Mo rò pé wọ́n ti lọ ni.

Bí a ṣe dé, ọkọ mi wa ọkọ̀ lọ bá Tìrìmísíyù, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ìdí Òrò, ní Muṣin. Èmi náà bá a lọ.

"Bá mi dín ewé sípíríǹgì ẹ̀yìn yẹn kù," ni ọkọ mi wí, ó na ìka sí àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. "Ọkọ̀ yìí fẹ́ pa ìyá mi."

Tìrìmísíyù mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yọ ọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó pákó ló máa kán sí yín lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí fún ẹrù ni. Ẹrù ló máa ń jẹ́ kó fara balẹ̀."

Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lẹ́yìn. Ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Ó wá ní ká máa to àpò iyanrìn sẹ́yìn lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gbé Màámi. A ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára díẹ̀. Màámi jókòó láàárín wa níwájú. Wọn ò ké mọ́. Wọ́n kàn ń fún itan mi mọ́wọ́ pinpin ni.

Nígbà tó yá, birikilà kan bẹ ọkọ mi fún iyanrìn náà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sọ fún mi. Nígbà tí a tún ń gbé Màámi lọ, mo rò pé àwọn àpò wà lábẹ́ tápólì tí a fi ń bo ẹrù lẹ́yìn.

Ọkọ̀ náà ń lọ bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Kò ta. Ṣéènì kò dún. A kọjá lórí kòtò Ìtirè, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti kọjá rẹ̀.

Màámi mí kanlẹ̀. "Èyí dára," wọ́n ní. "Èyí dára ju ti iyanrìn lọ."

Ọkọ mi bojú wò mí. Ó yára yí ojú padà sí ọ̀nà.

Nígbà tí a délé, mo lọ ká tápólì náà. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìkúùkù mi máa ń gba àárín táyà àti ara ọkọ̀ kọjá. Mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ìka mi kò wọlé.

"Iyanrìn ńkọ́, Bàbá Kíkẹ́?"

"Mo ti kó o fún ẹnì kan."

"Kí lẹ wá kó sẹ́yìn ọkọ̀?"

"Ìwọ náà ṣáà ti wò ó. Kí lo rí?"

Mi ò gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ pọ̀ nílùú nígbà náà. Mo rò pé ó ti kan nǹkan mọ́ abẹ́ ọkọ̀ níbi tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò ti ní rí i. Nígbà tó wọlé lọ wẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Irin àti gíríìsì nìkan ló wà níbẹ̀. Ewé sípíríǹgì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo ṣe ń wò ó, ó ké wín-ín, bí àga ṣe ń ké nígbà tí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ bá sún ìdí.

Mo fa orí mi jáde.

Ọkọ mi náà ń fura sí mi. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbé oúnjẹ fún un, ó ní, "Àríkẹ́, kí lo fi sínú ọkọ̀ mi?"

"Èmi?"

"Ìwọ lo bá mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ pé ẹrù ló máa ń jẹ́ kó fara balẹ̀."

Láti ìgbà náà, a jọ ń gbé ni, a ò jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣì wà tí àwa méjèèjì ń fura sí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ni. Kò sí ẹni tó lè la ẹnu sọ ọ́.

A padà sí Ìdí Òrò. Tìrìmísíyù rí wa lókèèrè, ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ já ẹrù yín ná!"

"Kò sí ẹrù níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ká tápólì. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó gbé jáàkì wá, jáàkì tó máa ń gbé ọkọ̀ náà tòun ti pákó. Ó fi í sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń làágùn. Ọkọ̀ kò mira. Ó dìde. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń nù ún ṣáá.

"Ta ló bá yín wá?"

"Èmi àti ìyàwó mi," ni ọkọ mi fèsì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ta ló bá yín wá?"

Ó ju sípánà sínú àpótí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, à ń ti ọsibítù bọ̀, a dúró díẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Oòrùn mú ganrínganrín. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke tó kún fún ọsàn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó kan ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ ọkọ mi.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn kó fa ẹsẹ̀ sínú o. Mo fẹ́ kọjá."

Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀ wò ó. Èmi náà yíjú padà, mo gba gíláàsì ẹ̀yìn wò. Tápólì ni mo rí. Nígbà tí mo máa fi wo ọkùnrin náà, ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Ó fi ọmọlanke sílẹ̀ tòun ti ọsàn. Kò sáré, kò sì gbé ojú kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ wa títí èrò fi bò ó.

Màámi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti ga jù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè gbabẹ̀."

"Ta ni, Màámi?"

Wọ́n kọjú síta. "Ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni."

Ọkọ mi ní òun ò ní fi ọkọ̀ yẹn gbé ìyá òun mọ́. Takisí la fi gbé wọn lọ lẹ́yìn náà. Igbe tí wọ́n ń ké nínú takisí yẹn, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Síbẹ̀, ọkọ mi wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà. Mùktárù ló ń jẹ́, ó ń kó sìmẹ́ǹtì ní Muṣin. Ó wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Abẹ́ fèrèsé Màámi ni wọ́n ti dúnàádúrà. Ó wa ọkọ̀ náà yípo àdúgbò, ó yìn ín pé ó rọra ń rìn, ó ní òun á wá gbé e láàárọ̀.

Bó ṣe lọ tán ni Màámi pè mí.

"Ìyá Kíkẹ́, bá mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú yẹn sílẹ̀."

"Ọyẹ́ ń fẹ́, Màámi."

"Ṣí i."

Mo rò pé atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́. Mo ṣí i, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Rédíò onílé tó ń sọ̀rọ̀ lókè dákẹ́. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, eruku ọyẹ́ bo ìrun rẹ̀. Màámi kò gbé ohùn sókè rárá.

"Máa wọlé bọ̀. Wọ́n ti tà á."

Sípíríǹgì ké. Ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ẹ̀gbẹ́ kan kọ́kọ́ dìde, èkejì tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá ń rọra sọ̀kalẹ̀. Ṣéènì dún wọ̀rọ̀wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, pákó tí a fi dábùú gọ́tà níwájú ilé tẹ̀ láàárín. Mo ń wò ó. Ó tẹ̀, ó ké, ó sì padà sípò. Ọkọ mi sáré wá di ọrùn ọwọ́ mi mú. A fara mọ́ ògiri. Afẹ́fẹ́ ti dúró. Kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà kò mì.

Nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì Màámi ké.

"Jókòó," a gbọ́ tí wọ́n wí. "Ara á ti ro ọ́."

Mùktárù gbé ọkọ̀ lọ. Kò pẹ́ tó fi padà wá bú wa pé a rẹ́ òun jẹ, pé ọkọ̀ tí a tà fún òun ń ta bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. A bẹ̀ ẹ́. Kí la fẹ́ sọ?

Màámi kò lọ sí ọsibítù mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń lọ ra ẹja fúnra wọn. Wọ́n tún lo ọdún mélòó kan sí i, ìbàdí kò dùn wọ́n mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń sùn, bẹ́ẹ̀dì náà sì fẹ̀. Apá kejì fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wọlẹ̀. Mo máa ń gbé e sóòrùn. Kò wú.

Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. "Màámi, ta lẹ gbà sílé?"

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo olè. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé àyè wà fún un ní yàrá tiyín ni?"

Mi ò bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n láti yàrá wa, a máa ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, wọ́n á tún sọ̀rọ̀. Èsì náà ni mi ò gbọ́ rí. Ọkọ mi búra fún mi pé òun náà ò gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n nígbà míì, tí Màámi bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń yíjú wo ọkọ mi, mo sì máa ń rí i tó ń rọra mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.